ÀKÁ AYÍPO ÀTI ÀKÁ ALÁÌYÍPO: ÀYẸ̀WÒ ÌBÁRAMU SSD PẸ̀LÚ KỌ̀ǸPÚTÀ OLÙKỌ́ YORÙBÁ NÍ ETÍKUN ÀGBÁDÁRÌGÌ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò SSD, ohun èlò ìkópamọ́ oníyára tí ó ti ń gba ipò háàdì dísìkì nínú kọ̀ǹpútà. Ìdí àyẹ̀wò náà ni pé ohùn ewì, orin àti ìtàn àbáláyé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà sábà máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bí ohun èlò ìkópamọ́ inú rẹ̀ bá kú, iṣẹ́ náà ti bá a lọ. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí SSD jẹ́, ó dábàá orúkọ Yorùbá fún un, ó tọ́ka sí ẹnu-ọ̀nà mẹ́rin tí ìbáramu ń gbà wọlé, ó sì gbé ipa tí ojú ọjọ́ etíkun ń kó lórí ìkópamọ́ yẹ̀ wò. Àbájáde rẹ̀ ni pé yíyára SSD nìkan kò tó kí olùkọ́ fi ná owó. Ó gbọ́dọ̀ bá kọ̀ǹpútà tí ó wà nílẹ̀ mu, kò sì gbọdọ̀ dá nìkan jẹ́ ibi tí iṣẹ́ wà.

1.0 Ìfáàrà

Ìtàn ìkọ̀wé Yorùbá kò lè fo Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, kí Crowther àti Townsend tó tẹ̀ síwájú lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí etí ọ̀sà níbẹ̀ ṣì wà títí di òní, a sì máa ń so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà gba nǹkan bí ogójì ọdún kí odidi Bíbélì tó parí ní àárín ẹ̀wádún 1880. Orí bébà ni gbogbo rẹ̀ wà, bébà náà ni ó sì gbé e dé ọwọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé wọn.

Òpópó kan náà tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà, ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, kí ó tó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní agbègbè yìí yóò bá Àwórì àti Ègùn pàdé. Yóò gbọ́ oríkì, yóò gbọ́ orin apẹja, yóò sì gbọ́ ìtàn tí a ń sọ nípa Zàǹgbétò àti ìlù Sátò. Fóònù tàbí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ni yóò fi gba ohùn náà, kọ̀ǹpútà ni yóò sì kó o sí. Àgbà tí ó sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ohun èlò ìkópamọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka Yorùbá náà ni.

2.0 Ìtàn ohun èlò ìkópamọ́ ní ṣókí

Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé háàdì dísìkì àkọ́kọ́ jáde. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, síbẹ̀ àmì ìkọ̀wé mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ni a ṣì ń bá nínú háàdì dísìkì òde òní. Àwo tí a fi èròjà onímágínẹ́ẹ̀tì kùn ń yí, apá kékeré kan sì ń rìn lókè rẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ sí i tàbí láti ka ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwo náà sábà máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan.

SSD kò ní àwo, kò sì ní apá tí ń rìn. Fujio Masuoka, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó ṣe àgbékalẹ̀ irú ìrántí tí a ń pè ní fíláàṣì ní ẹ̀wádún 1980. Ó gbé ti àkọ́kọ́ kalẹ̀ fún ìpéjọpọ̀ àwọn onímọ̀ ní ọdún 1984, irú tí a mọ̀ sí NAND sì tẹ̀lé e ní ọdún 1987. NAND yìí ni ó wà nínú SSD òde òní. Inú ihò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ni ó ń há iná mọ̀nàmọ́ná mọ́. Bí iná tí a há mọ́ ihò kan bá ti pọ̀ tó ni ó ń sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ tí ó wá di SanDisk ta SSD tí ó gba mẹ́gábáìtì 20 fún IBM ní nǹkan bí dọ́là 1,000. Lónìí, èyí tí ó kéré jù lórí àtẹ ń gba ohun tí ó pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

3.0 Ọ̀rọ̀ orúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, ti fi ọ̀nà han olùkọ́ nípa bí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tuntun. A lè yá ọ̀rọ̀ lò, a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú, a sì lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti ara mọ́fíìmù èdè wa. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó bí 'ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá' fún kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ ohun èlò ìkópamọ́ mu jù ni 'àká'. Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí kí ó tó di pé a nílò rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni a ti ń mú un jáde. Ohun tí ó ku ni bí a óò ti fi ìyàtọ̀ sí àárín àká méjèèjì. Ó lè wu ènìyàn kí ó pe háàdì dísìkì ní 'àká aláwo', ṣùgbọ́n ìsúnkì 'oní' àti 'àwo' yóò fún wa ní ọ̀rọ̀ tí kò yàtọ̀ sí èyí tí 'oní' àti 'awo' ń fún wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ilé awo ni à ń sọ. Èyí tí ó yè kooro ni 'àká ayípo', tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' mọ́ 'yípo' ṣẹ̀dá, àti òdì rẹ̀, 'àká aláìyípo', tí ó tẹ̀lé ìlànà 'aláìgbọràn' àti 'aláìmọ̀kan'. Orúkọ méjèèjì sọ ìyàtọ̀ gan-an tí ó wà láàárín nǹkan méjèèjì: ọ̀kan ń yí, èkejì kì í yí.

Orúkọ yìí wà fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, SSD ni kí olùkọ́ béèrè fún, kí oníṣòwò má baà gbé nǹkan mìíràn fún un.

4.0 Ẹnu-ọ̀nà mẹ́rin tí ìbáramu ń gbà wọlé

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ ń lò jẹ́ tòkunbọ̀. Orúkọ náà sọ ìtàn ara rẹ̀, nítorí òkè òkun ni nǹkan náà ti bọ̀. Ìròyìn tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 lórí Èkó fi hàn pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àlòkù tí ń gúnlẹ̀ nígbà náà kò ṣeé tún ṣe tàbí tà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi SSD sọ tòkunbọ̀ dọ̀tun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ inú kọ̀ǹpútà.

4.1 Ìrísí

Ìrísí méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní rí bí háàdì dísìkì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká gan-an: ínǹṣì 2.5 ni a ń pè é, nínípọn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ mílímítà 7. Bí àyè tí a yọ háàdì dísìkì kúrò bá jẹ́ ti mílímítà 9.5, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a óò fi tì í kí ó má baà máa mì. Èkejì ni M.2, tí ó rí pẹlẹbẹ bí igi ṣíngọ́ọ̀mù, tí kò sì ní àpótí. Nọ́ńbà tí a kọ sí i lára ń sọ ìwọ̀n rẹ̀. 2280 túmọ̀ sí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 80. 2242 jẹ́ 22 ní fífẹ̀ àti 42 ní gígùn. Èyí tí ó gùn kò lè wọ ibi tí a ṣe fún èyí tí ó kúrú.

4.2 Eyín àti àlàfo

M.2 ní eyín wúrà ní ìdí, àlàfo sì wà láàárín eyín náà. Èyí tí ó ní àlàfo méjì sábà máa ń jẹ́ ti SATA; èyí tí ó ní ẹyọ kan ní apá M sábà máa ń jẹ́ ti NVMe. Ìhín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé nǹkan lè wọlé kí ó má sì ṣiṣẹ́. Ihò tí ó ní èèkàn apá M lè gba SSD alálàfo méjì wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí mọ́dábọ́ọ̀dù kò bá na okùn SATA dé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní rí i rárá. Ojú nìkan kò tó láti fi mọ̀. Ìwé àlàyé kọ̀ǹpútà náà ni ó ń sọ òótọ́ rẹ̀.

4.3 Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn

SATA àti NVMe jẹ́ ọ̀nà méjì tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ òfin ń darí. Háàdì dísìkì ni a ṣe òfin SATA fún. Ìran rẹ̀ kẹta, tí ó jáde ní ọdún 2009, kò lè kọjá mẹ́gábáìtì 600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń rí lójú iṣẹ́ sì tó 550. NVMe, tí àkọ́kọ́ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, ń gba ojú pópó PCIe lọ. Lórí PCIe ìran kẹta onílà mẹ́rin, ó lè súnmọ́ 3,500; ìran kẹrin lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni kí olùkọ́-ń-kọ́ṣẹ́ há sórí: ẹni tí ó lọ́ra ni ó ń pinnu bí ìrìn àjò yóò ti yá tó. SSD ti SATA ìran kẹta yóò ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ti ìran kejì, ṣùgbọ́n kò ní lè kọjá 300. Bákan náà ni SSD ti PCIe ìran kẹrin yóò máa rìn bí ìran kẹta nínú kọ̀ǹpútà ìran kẹta. Kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ nínú èyí. Owó tí a ná lé yíyára àfikún nìkan ni ó ṣòfò.

Ìṣirò kékeré yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fẹ́ ṣe àdàkọ gígábáìtì 100, háàdì dísìkì tí ń sáré 100 yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. SSD ti SATA tí ń sáré 500 yóò lo ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 20. NVMe tí ń sáré 3,000 yóò lo nǹkan bí àáyá 33. Ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ń ti inú fíláàṣì àtijọ́ tí ń sáré 35 bọ̀, yóò tó ìṣẹ́jú 48, ìbáà jẹ́ SSD tí ó yára jù lágbàáyé ni ó ń gbà á.

4.4 Ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà

Kí Windows tàbí Linux tó dìde, ètò kan tí ó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó kọ́kọ́ ń jí. BIOS ni ti àtijọ́, UEFI ni ti ìsinsìnyí. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò mọ bí a ti ń jí láti ara NVMe, kódà bí a bá rí ohun tí a fi so ó mọ́ wọn. Windows 7 tí ó jáde ní ọdún 2009 mọ àṣẹ TRIM tí SSD ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò bá ìmọ̀ NVMe wáyé. Nítorí èyí, SSD ti SATA oní-ínǹṣì 2.5 ni ó sábà máa ń bá kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 2010 mu jù.

Kí a má sì ṣe ní ìrètí tí ó pọ̀ jù. Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0 àti irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan pàtó. SSD kò lè fún kọ̀ǹpútà ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá kún ojú òṣùwọ̀n lè lo Linux, tí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

5.0 Ojú ọjọ́ etíkun, iná àti ọ̀nà

Àgbádárìgì wà ní etí ọ̀sà, òkun kò sì jìnnà sí i. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́rinrin, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ àti omi a máa jẹ irin, eyín tí ohun èlò fi ń kan ara wọn nínú kọ̀ǹpútà kò sì yọ sílẹ̀. Háàdì dísìkì tí ó wọ́pọ̀ ní ihò mímí kékeré tí a fi asẹ́ dí, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bá ti ìta dọ́gba. SSD kò nílò irú ihò bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń já sí kòtò ní òpópó Àgbádárìgì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, apá háàdì dísìkì lè gbá àwo rẹ̀. SSD kò ní apá tí yóò gbá ohunkóhun. Ní ti ìrìn àjò, àká aláìyípo ni ó borí.

Ooru jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. NVMe tí ó yára a máa gbóná gan-an. Bí ó bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà jóná. Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, owó tí a fi ra yíyára lè bá ooru lọ. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń kọ̀wé sínú SSD, ohun tí ó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́, nígbà mìíràn àkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan wà pàápàá a máa bá a lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, tàbí UPS, ni ìdáàbòbò tí ó rọrùn jù.

6.0 Ohun tí SSD kò lè ṣe

Wákàtí kan ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ìlànà 48 kHz oníbíìtì 24 alápá méjì, láìsún un kì, tó gígábáìtì kan ó lé díẹ̀. SSD gígábáìtì 256 lè gba ohùn tí ó lé ní wákàtí 200. Ìbẹ̀rù pé kíkọ̀wé púpọ̀ yóò tètè pa SSD kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́. Bí olùpèsè bá ní SSD kan lè gba àkọsílẹ̀ tẹ́rábáìtì 300, tí olùkọ́ sì ń kọ gígábáìtì 20 sí i lójoojúmọ́, yóò tó ọdún 41 kí ó tó pé.

Ewu méjì mìíràn ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Èkíní ni ìparẹ́. Ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí háàdì dísìkì ṣì lè ṣeé wá rí, nítorí pé ó wà lórí àwo títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Lórí SSD, TRIM ti sọ fún un pé ibẹ̀ ti ṣófo, SSD náà yóò sì gbá a mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ohun tí onímọ̀ lè rí gbà padà níbẹ̀ mọ́. Èkejì ni àìlò. Ìlànà tí àjọ JEDEC là kalẹ̀ béèrè pé kí SSD tí a ti lò dé òpin ìwọ̀n rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ mú fún ọdún kan láìsí iná, nínú ooru ìwọ̀n 30. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àsìkò náà yóò kúrú. Nítorí náà, SSD tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe ibi ìṣúra.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó tọ́ kí ohùn àgbà kọ̀ọ̀kan ní, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A lè ṣiṣẹ́ lórí àká aláìyípo, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà kejì sórí àká ayípo tí a kì í gbé kiri.

Orúkọ fáìlì náà gba àkíyèsí. Nínú Unicode, kò sí ẹyọ àmì kan ṣoṣo tí ó dúró fún 'ẹ́' tàbí 'ọ̀'. Ẹyọ méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Orúkọ kan náà lè wà ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí ó yàtọ̀ síra lórí kọ̀ǹpútà méjì, kí wíwá rẹ̀ sì dìṣòro. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi lẹ́tà lásán àti déètì sọ fáìlì lórúkọ, kí ó sì kọ orúkọ tí ó ní àmì ohùn pípé sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ó bá a rìn.

7.0 Ìlò fún olùkọ́-ń-kọ́ṣẹ́

Kí a tó san owó SSD, ó yẹ kí a tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé:

(i) Kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, kí a sì ka ìwé àlàyé rẹ̀.
(ii) Kí a mọ̀ bóyá ínǹṣì 2.5 ni ó ń gbà tàbí M.2, àti gígùn tí àyè gbà.
(iii) Kí a mọ̀ bóyá SATA ni ihò náà ń gbà, tàbí NVMe, tàbí méjèèjì.
(iv) Kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lórí háàdì dísìkì kí a tó tú ìdè kan.
(v) Kí a dán SSD wò kí a tó gbé iṣẹ́ sí i. Àwọn ayédèrú kan ń pe ara wọn ní tẹ́rábáìtì 1 nígbà tí inú wọn kò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ bí H2testw fún Windows tàbí F3 fún Linux yóò kọ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, yóò sì kà á padà láti tú àṣírí rẹ̀.
(vi) Kí a má ju háàdì dísìkì àtijọ́ nù bí ó bá ṣì dára; kí a ra àpótí USB fún un, kí ó di ilé ẹ̀dà kejì.

Nínú kíláàsì èdè-ìperí, olùkọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ láti ṣẹ̀dá orúkọ fún àlàfo, eyín, TRIM àti ìbáramu fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí mọ́fíìmù, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ ní Yorùbá ìdí tí SSD kan fi wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò sì ṣiṣẹ́ ti mọ ohun náà, ó sì ti mọ èdè rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìrísí, àlàfo, ọ̀nà ìrìn ọ̀rọ̀ àti ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu bóyá SSD yóò wúlò fún ẹni tí ó rà á. Ó fi hàn pé àká aláìyípo bá ìgbòkègbodò etíkun mu ju àká ayípo lọ, ṣùgbọ́n kò dárí ji ẹni tí ó ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, kò sì fẹ́ kí a gbàgbé òun sínú ooru. A dábàá pé kí ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ohùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti gbà, ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà, àti ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Orí bébà ni iṣẹ́ àwọn Crowther wà tí ó fi dé ọwọ́ wa. Ohùn àgbà Àwórì tàbí ti Ègùn tí a gbà sílẹ̀ lónìí kò ní bébà tí yóò gbé e dé ọwọ́ àwọn tí ń bọ̀, àfi bí ẹni tí ó gbà á bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.